Ibo Ni Ká Kó Àwọn Àgbà Lọ? Ìfiwéra Ìrìn-àjò àti Fàájì fún Oníbàárà Àgbà ní Báńkì Àdúgbò

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ibi tí a máa lọ lọ́dún yìí délẹ̀, Ìdànrè ni alága wa sọ. Ó ní òun rí fọ́tò òkè náà lórí fóònù ọmọ ọmọ òun, pé òun ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi í pé, "Alága, àtẹ̀gùn mélòó ló wà níbẹ̀?" Ó ní òun ò kà á. Mo ní ó lé ní 600. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Màmá kan tó jókòó lẹ́yìn, tó ti ń fi òróró ra orúnkún láti ìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà àgbà ní báńkì kékeré kan n'Ìbàdàn. Máíkírófáínáǹsì ni wọ́n kọ sára pátákó ẹ̀ báyìí, nítorí ìjọba ní kí gbogbo kómúnítì báńkì yí padà kí ọdún 2007 tó parí, ṣùgbọ́n kómúnítì làwọn ìyá wa ṣì ń pè é. Àwọn kan nínú wọn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí irú báńkì bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ọdún 1990. Oníṣòwò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, télọ̀, awakọ̀, ìyá ẹlẹ́kọ: 41 ni wá. Ẹni tó kéré jù ti pé ọgọ́ta ọdún, ẹni tó dàgbà jù ti lé ní ọgọ́rin. Báńkì máa ń fi ìwọ̀nba owó ràn wá lọ́wọ́ lọ́dọọdún, àwa a dá ìyókù, a ó sì yan ohun tí a fẹ́ ṣe.

Ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu yíyàn yìí ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹni tí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ìbáà ṣe ní báńkì, ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Mi ò wo òkìkí ìlú mọ́. Orúnkún ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ilé ìtọ̀, lẹ́yìn náà aago tí a máa padà délé. Ibi tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo tó ń bèèrè bóyá ó lẹ́wà.

Bọ́ọ̀sì àbí rélùwéè?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yan ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó ronú ọkọ̀. Èmi ti kọ́gbọ́n. Ọkọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, torí inú ọkọ̀ ni àgbàlagbà ti ń ṣàìsàn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ sí Abẹ́òkúta, iléeṣẹ́ kan tó ń yáni lọ́kọ̀ ni a bá dúnàádúrà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Kósítà ńlá, aláfẹ́fẹ́ tútù, ni wọ́n fi hàn wá lórí fóònù, a sì san gbogbo owó tán. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni méjìdínlógún mẹ́ta ni wọ́n kó wá. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ga débi pé a ní láti wá àpótí bíà tí àwọn ìyá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ìyá wa kan tó jẹ́ ẹni ọdún 78 bá ara ẹ̀ lórí ìjókòó tí wọ́n ń ká, èyí tó máa ń wà létí ẹnu ọ̀nà, tí kò ní ohun tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì dáadáa. Nígbà tí a fi dé Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú kọjá bàtà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dúró sínú igbó kí àwọn èèyàn lè tọ̀. Àwọn ìyá na ìró bo ara wọn yíká, ọ̀kan ń dúró, ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀, àwa ọkùnrin kọjú sí ọ̀nà, a ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a wọ rélùwéè. Ọ̀nà irin tuntun tó ti Èkó wá sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, jẹ́ kìlómítà 157, ó sì gba Abẹ́òkúta kọjá. Ibùdókọ̀ Mọ́níyà tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ la ti wọ̀ ọ́, a sọ̀ kalẹ̀ ní Láderin, ibùdó tó ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ilé ìtọ̀ wà nínú ọkọ̀. Èèyàn lè dìde, kó na ẹsẹ̀, kó rìn láti ìjókòó kan dé òmíràn lọ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bẹ awakọ̀ pé kó rọra. Bí a ti ń lọ ni mo ń wò wọ́n: àwọn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú báńkì ti ń pín gúgúrú àti ẹ̀pà fún ara wọn.

Rélùwéè ní àléébù tiẹ̀ o. Mọ́níyà jìnnà sí ọ̀pọ̀ àdúgbò n'Ìbàdàn, Láderin náà kò sí láàárín ìgboro Abẹ́òkúta, nítorí náà ẹ ó ṣì yá bọ́ọ̀sì lápá ìhín àti lápá ọ̀hún. Ọkọ̀ ojú irin kò sì ní dúró de ẹni tó ń ra àdìrẹ lọ́wọ́. Ẹ bèèrè àkókò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa rìn gan-an, kì í ṣe oṣù méjì ṣáájú. Kí ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì kí gbogbo yín lè wà nínú kọ́ọ̀ṣì kan náà.

Bí ó bá di dandan kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì, kósítà ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ má san ju ìdajì owó lọ ṣáájú. Ẹ lọ fojú rí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ara ẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé òmíràn wá láàárọ̀, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ máa fi bá wọn jà.

Olúmọ, Ifẹ̀, Ọ̀ṣogbo

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a lè lọ kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà láti Ìbàdàn láìjẹ́ pé ilẹ̀ ṣú bá wa lọ́nà.

Òkúta Olúmọ kò ga bí ẹ ṣe rò. Mítà 137 ni ṣóńṣó ẹ̀ fi ga ju ìpele òkun lọ, ibi tí èèyàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ti wà lókè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn tó dáa, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè síbẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé ẹ̀rọ yẹn. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ kódà bí kò bá ṣiṣẹ́, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Olúmọ ni pé ẹni tí kò lè gun òkè náà kò ní jókòó lásán. Ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun kò jìnnà sí ìsàlẹ̀. Àwọn ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan wà lára àpáta níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ wa, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ogójì ọdún, ti ọwọ́ bọ inú ọ̀kan, ó fi ìka yí etí ẹ̀ po, ó ní, "Àgbàdo ni wọ́n lọ̀ níbí, kì í ṣe ata." Afinimọ̀nà ò rí ọ̀rọ̀ fèsì. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn tó owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tí wọn ò fẹ́ rí òkúta kankan mú ọ̀nà ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹ fún wọn ní wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹnì kan tó mọ owó dúnàádúrà tẹ̀ lé wọn, torí bí wọ́n bá ti rí i pé ẹ wọ aṣọ ẹgbẹ́, owó máa ń gorí.

Ilé-Ifẹ̀ ló rọrùn jù fún ẹsẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú. Ààfin àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà nítòsí ara wọn ní Ẹ̀nuwá, Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Mọ̀pà kò sì jìnnà lọ́kọ̀. Òkúta náà ga tó mítà márùn-ún ààbọ̀, ìdúró lásán lèèyàn fi ń wò ó. Nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 fún yín. Wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lásán ni wọ́n bá a pàdé. Bàbá kan nínú wa tó ti ṣe bíríkìlà rí kò lọ níwájú orí náà bọ̀rọ̀. Ó ń mi orí, ó ń ka iye ilé tí òun ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀, pé igò Kóòkì nìkan lòun máa ń rí.

Ìṣòro Ifẹ̀ ni ìdúró. Afinimọ̀nà máa ń sọ̀rọ̀ pẹ́, àgbà tó lè rìn fún wákàtí kan kò lè dúró lójú kan fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ gbé àga ike mẹ́wàá sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìgbà tí àgbà àkọ́kọ́ bá jókòó.

Ọ̀ṣogbo ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Igbó Ọ̀ṣun tutù, igi bo ibẹ̀, ó tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì ti fi í sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Àwọn ère tí Susanne Wenger, ará Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn ayàwòrán ìlú náà mọ síbẹ̀ ń dẹ́rù bani, wọ́n sì ń dùn ún wò. Obìnrin náà kú ní 2009 lẹ́yìn tó ti lo èyí tó pọ̀ jù láyé ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ojú ọ̀nà inú igbó náà rọra ń dagun sọ́nà odò ni, kò le jù.

Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa kì í wọ inú igbó òrìṣà, bó ti wù kí UNESCO kọ ọ́ sílẹ̀ tó. Alhaja wa ní òun kò lọ. Díákónì wa náà ní òun kò lọ. Ẹlòmíràn sì wà tí inú ẹ̀ dùn, torí ọwọ́ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti tọrọ ẹ̀, kò sì tíì ráyè lọ rí láti ìgbà tó ti dàgbà. Kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ má fi ìbò gbé e lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìrìn àjò àfikún, tí ẹni tó bá wù ú máa dá owó ẹ̀. Ẹ má sì lọ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ. Èrò yẹn kì í ṣe ti àgbà. Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú pé àwọn tó ń wa góòlù ti ba omi odò náà jẹ́, ìjọba sì ti kìlọ̀ pé ká má mu ún. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kò sí ẹni tó máa gbà yín gbọ́ létí odò, gbogbo wọn á ti mú kẹ́ẹ̀gì dání.

Ká sùn síbẹ̀ ńkọ́?

Ìkògòsì l'Ékìtì ni a ti gbìyànjú ẹ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé, èèyàn lè ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, kó ki tòsì bọ ìkejì. Kò sí òkè tí èèyàn máa gùn. Bí ẹ bá béèrè ibi tí inú àwọn àgbà ti dùn jù lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ibẹ̀ ni. Gbogbo wọn jókòó létí omi, wọ́n ká ìró àti ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n dákẹ́.

Ọ̀nà ẹ̀ ló jìn. Ẹ ó gba Ifẹ̀, ẹ ó gba Iléṣà, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Kí a lọ kí a bọ̀ lọ́jọ́ kan náà kì í ṣe fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, torí náà ó di dandan kí ẹ sùn. Níbẹ̀ ni ìyà akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó bá ta sun yàrá kan náà? Ẹni tó ń hanrun ńkọ́? Ẹni tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru ńkọ́, tí kò mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà nínú òkùnkùn? Bàbá kan tí ìyàwó ẹ̀ ti kú láti ọdún mọ́kànlá sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé òun kò tíì sun ilé mìíràn láti ìgbà náà. Ó lọ. Kò sùn. Ó jókòó síta títí di òwúrọ̀, ọdẹ ilé ìtura náà bá a jókòó, àwọn méjèèjì ń gbọ́ rédíò. Ó ní òun gbádùn ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ká kà á mọ́ àṣeyọrí tàbí àṣìṣe tèmi.

Bí ẹ bá máa sùn, èrò kò gbọ́dọ̀ lé ní ogún. Yàrá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oògùn ọjọ́ mẹ́ta ni kí wọ́n kó bí ọjọ́ méjì la bá fẹ́ lò.

Bí mo ṣe kọ wọ́n sínú ìwé ẹgbẹ́ wa rèé:

| Ibi | Ẹsẹ̀ àti orúnkún | Ilé ìtọ̀ lójú ọ̀nà | Ìgbà tí a ń padà | Ohun tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Olúmọ, rélùwéè | Ẹni tó lè gùn a gùn, ìyókù a lọ ra àdìrẹ | Ó wà nínú ọkọ̀ | Alẹ́ ọjọ́ kan náà | Òun ni mo fẹ́ràn jù |
| Ilé-Ifẹ̀, kósítà | Ilẹ̀ tẹ́jú, ìdúró pọ̀ | Ilé epo ńlá, ẹ bèèrè tẹ́lẹ̀ | Ìrọ̀lẹ́ | Ẹ gbé àga dání |
| Ọ̀ṣogbo, kósítà | Ó dagun díẹ̀, ibòji pọ̀ | Ilé epo | Ìrọ̀lẹ́ | Ẹni tó bá wù ú nìkan |
| Ìkògòsì, kósítà | Ó rọrùn | Ọ̀nà jìn, ẹ dúró lẹ́ẹ̀mẹta | Ọjọ́ kejì | Ogún èèyàn, kò gbọ́dọ̀ lé |
| Ìdànrè | Àtẹ̀gùn lé ní 600 | | Ọjọ́ kejì | Rárá, ẹ forí jì mí, Alága |

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje, ó lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn tiwa lè dé, òkúta ibẹ̀ sì ń yọ̀. Bí ẹ bá ń ti Ìkògòsì bọ̀, ẹ lè yà wò ó níwọ̀nba. Badagry ní ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, ó sì ní ìtàn òwò ẹrú tó ń pa èèyàn lẹ́kún, àmọ́ láti Ìbàdàn a ó la Èkó kọjá, ìyẹn nìkan ti tó ìjìyà. Ẹ̀yin ará Èkó ló tọ́ sí. Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ń wu àwọn kan tó ní ẹbí níbẹ̀. Ẹ wo ìwé ìrìnnà wọn kẹ́ ẹ tó ṣèlérí nǹkan kan: nínú èèyàn mẹ́sàn-án tó ní òun ní páásípọ́ọ̀tù, méje ti jẹ́ ògbólógbòó tí ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá.

Bí ẹ kò bá fẹ́ jáde n'Ìbàdàn

Ẹ má rò pé ẹni tí kò lówó ọkọ̀ nìkan ló ń yan èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò tíì wọ ọgbà Agodi rí, tàbí ọgbà ẹranko Yunifásítì. Agodi dára: ó ní ibòji, ó ní ìjókòó, kò jìnnà sílé ẹnikẹ́ni. Ilé Láyípo ní Òkè Àrẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ni kẹ́ ẹ yẹra fún. Àtẹ̀gùn tó ń yí po bí ìgbín ni, òòyì máa ń kọ́ àgbà nínú ẹ̀, kò sì sí àyè tí ẹnì kan máa fi gba ẹgbẹ́ ẹnì kejì kọjá. Wọ́n lè jókòó sísàlẹ̀ kí wọ́n máa wo páànù Ìbàdàn.

Ní ti fàájì oṣooṣù, ohun mẹ́ta la ti dán wò: ayò, ẹ̀kọ́ fóònù, àti ìrìn àárọ̀ pẹ̀lú wíwọn ìfúnpá. Báńkì ní kí a yan ọ̀kan.

Ayò ló ń kó èèyàn jọ jù. Ọpọ́n mẹ́rin la rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ihò 12 àti ọmọ ayò 48. Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn báńkì. Bàbá awakọ̀ wa ni ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta jù. Ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá di ife tíì mú, tíì a sì dà sí i láyà, ṣùgbọ́n bó bá ti kó ọmọ ayò sọ́wọ́, ọwọ́ yẹn a dúró ṣinṣin, a máa jù wọ́n sínú ihò níkọ̀ọ̀kan, tó-tó-tó, láìwo ilẹ̀. Ojú ọ̀pẹ tó jókòó síwájú ẹ̀ ló máa ń wò. Àwọn ìyá kọ́kọ́ ní ayò kì í ṣe tiwọn, pé àwọn ò ní jókòó kí àwọn máa wòran. A ní kí wọ́n gba ọpọ́n kan. Lóṣù kẹta, a gbọ́ ariwo lápá ọ̀dọ̀ wọn ju tiwa lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti na alága lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kọ́ fóònù ló wúlò jù, òun ni èèyàn sì ń sá fún jù. Ojú máa ń tì wọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sanwó ní báńkì ló wá kọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń pa nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mọ́ sí. Bàbá kan yọ káàdì ẹ̀ síta, ó dojú ẹ̀ dé: ó ti fi bírò kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ẹ̀, ó wá fi sẹ́lótéèpù bò ó kó má baà parẹ́. Ó ṣe é ní mímọ́ tónítóní. Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín, mo sì tún fẹ́ràn ẹ̀ sí i fún ìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yí nọ́ńbà yìí padà báyìí báyìí, kẹ́ ẹ wá sọ èyí tẹ́ ẹ ò lè gbàgbé fún ara yín nìkan." Ohun mìíràn tó kọ́ wọn kò ju méjì lọ: báńkì kì í pe èèyàn láti béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, àti pé ẹni tó bá ní wọ́n fẹ́ ti BVN yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báńkì, pa, kí ẹ pa fóònù, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wá sí báńkì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ náà fi wọ̀ wọ́n létí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹni mẹ́fà mẹ́fà ni kẹ́ ẹ kó, kì í ṣe 41 lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ ọmọ ẹnikẹ́ni má sì sí níbẹ̀. Ọmọ ọmọ máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àgbà ni, á tẹ̀ ẹ́ fún un, àgbà ò sì ní kọ́ nǹkan kan.

Ìrìn àárọ̀ ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tó bá lè jí. Wíwọn ìfúnpá ni mi ò jẹ́ kó ṣẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun náà ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wa, ló ń ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìkògòsì, ó wọn ti ẹnì kan, ó wò ó, ó tún un wọ̀n, ó sì ní ẹni yẹn kò gbọ́dọ̀ lọ, ọsibítù ló máa lọ. Ẹni náà bínú sí mi fún oṣù méjì gbáko, bí ẹni pé èmi ni mo wọ̀n ọ́n.

Nígbà tó yá, a kò yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A fi ayò pe èèyàn, nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò bá na ọwọ́ fún un kò ní rí ọpọ́n. Mẹ́fà tó bá kọ́kọ́ dé ló ń lọ sínú ilé fún ẹ̀kọ́ fóònù kí ọpọ́n tó ṣófo. Báńkì rò pé ọ̀kan la ń ṣe.

Owó àti ọjọ́

A máa ń dá a díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù ni, torí ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì kò lè yọ owó ńlá lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń mú ₦2,000 wá fún oṣù mẹ́wàá, ₦20,000 ló di, a ó wá wo ibi tí ìyẹn gbé wa dé. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ báńkì yọ ọ́ nínú àkáǹtì wọn láìfọwọ́ sí ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má sì yá owó nítorí ìgbádùn. Ẹnì kan dábàá ẹ̀ níjọ́sí, mo ní tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n wá akọ̀wé mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ: ẹni tó bá ṣàìsàn tàbí tó bá kú kí ọjọ́ tó pé, ta ni ó gba owó ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tiwa ni pé gbogbo owó ẹ̀ á padà sọ́dọ̀ ẹni tí olówó náà ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé kó gbà á, láìyọ kọ́bọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwé yẹn ni kò jẹ́ kó di ìjà.

Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ló dáa. Òpin ọ̀sẹ̀ kún fún òwàǹbẹ̀, bí ẹ sì ṣe mọ àwọn àgbà, wọn ò ní fi ìnáwó ẹbí sílẹ̀ nítorí òkúta. Ẹ sá fún òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje, ẹ sá fún ọyẹ́ tó bá nípọn, pàápàá bí ẹnì kan bá ní ikọ́ fée. Ẹ má lọ nínú Rámádánì.

A dìbò lọ́sẹ̀ tó kọjá. A kì í na ọwọ́ sókè mọ́, torí bí alága bá ti na tiẹ̀, ìdajì ilé á tẹ̀ lé e. Igbá mẹ́rin la gbé sẹ́yìn aṣọ títa, a kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sára ẹ̀, a sì ya àmì sí i fún ẹni tí kò lè kàwé: òkúta, orí idẹ, omi, òkè ńlá. Ọmọ ayò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olúmọ àti rélùwéè rí 23, Ifẹ̀ rí 11, Ìkògòsì rí 6. Nínú igbá Ìdànrè, ọmọ ayò kan ṣoṣo ló wà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó jù ú síbẹ̀, ṣùgbọ́n alága ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó létí fèrèsé nínú rélùwéè.